Orúkọ Gildo Lára Ògiri

"Kò sí ohun púpọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ. Ẹ ṣáà kọ ọ́ pé Gildo kú."

Màmá Santina gbọn yìnyín kúrò lára bàtà rẹ̀, ó sì jókòó sórí àpótí kan nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò dúró de ẹni tí yóò fún un ní àga. Ẹsẹ̀ ló fi rìn sọ̀kalẹ̀ láti òkè Fagarè. Òun àti Gildo àbúrò rẹ̀ nìkan ló kù lókè yẹn, nínú ilé kan ṣoṣo tí èéfín ṣì ń jáde lórí rẹ̀. Santina kò lọ́kọ, Gildo kò láya. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Gildo kú ní ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n.

Vigilio, bàbá arúgbó tó ni ilé ìtẹ̀wé, fi ọwọ́ òsì ṣí fìlà rẹ̀. Ó ti yọ̀ ṣubú lórí yìnyín lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ ọ̀tún kọ́ ọrùn. "Ẹ kú ìrọ́jú, Santina. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

"Vigilio, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ yín. Mo fẹ́ káwọn èèyàn wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí òkú tí wọ́n sin ní àfonífojì yìí tí Gildo ò lọ. Tó bá wá jẹ́ pé èmi àti fádà nìkan la máa tẹ̀ lé pósí ẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn yẹn á pa mí."

"Wọ́n á wá. Ta ni Gildo ò gbá yìnyín ẹnu ọ̀nà ẹ̀ rí?"

Òótọ́ ni bàbá sọ. Gbogbo Costalarga, ìlú wa tó wà láàárín àwọn òkè Ítálì, ló mọ̀ ọ́n sí Gildo Pala, èyí tó túmọ̀ sí Gildo Ṣọ́bìrì. Nígbà òtútù, kí àwọn opó ìlú tó jí, ó ti gbá ọ̀nà wọn mọ́ láti ẹnu ilẹ̀kùn títí dé títì. Kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Bí o bá ní o fẹ́ dúpẹ́, á ní òun ń wá nǹkan tí òun á fi mú ara gbóná ni. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìjọba ni Ermenegildo De Pellegrin, ṣùgbọ́n ta ló mọ ìyẹn? Ìdajì àwa tí a wà níbí ló ń jẹ́ De Pellegrin. Bí fádà bá pe orúkọ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó jókòó ní ìhà kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde tán.

Nítorí náà ni ìwé ìkéde òkú tiwa ṣe rí bó ṣe rí. Bí ẹnìkan bá kú, a ó lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́, àti ògiri tó dojú kọ ilé ọtí Bortolo. Òkè ni orúkọ ìjọba ń wà, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké tó dúró ṣánṣán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ tí ìlú fún olóògbé, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá tó sanra, tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, tó sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń gun òkè. Vigilio a máa sọ pé èyí tó dúró ṣánṣán ni ìjọba fi ń pe èèyàn, èyí tó tẹ̀ yẹn ni aládùúgbò fi ń pè é. Bàbá tó bí Vigilio ló fi igi eléso tí wọ́n ń pè ní píà gbẹ́ lẹ́tà tó tẹ̀ yìí. Vigilio ti fi í tẹ ìwé ìgbéyàwó, ó ti fi í tẹ bébà tí wọ́n ń fi di wàràkàṣì, àwòkọ rẹ̀ ló sì wà lórí ṣọ́ọ̀bù áísìkiriìmù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ní Jámánì.

Ọmọ yẹn ló bí Ottavia, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà, tó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn.

Ẹni tó bá mọ àfonífojì wa mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ló ń ta áísìkiriìmù fún àwọn ará Jámánì. Bí oṣù kejì ọdún bá ti ń lọ sópin, wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á kó ẹrù sínú ọkọ̀, ó di oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé ló ń kù. Ottavia kì í sunkún níwájú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ilé náà tóbi, òun àti bàbá ìyá rẹ̀ nìkan ló sì wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ polenta, òkèlè àgbàdo ilẹ̀ wa, níwájú ara wọn, tí aago ògiri ń dún. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an.

Ilé ìwé iṣẹ́ ọnà tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Sartena, ti ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ya irú lẹ́tà tuntun kan fún ìdánwò àṣekágbá: kó sanra, kó tẹ̀, kó ní ẹsẹ̀. Kò fẹ́ rí i lórí kọ̀ǹpútà nìkan. Ó fẹ́ fọ́tò ibi tí ayé ti ń lò ó. Èyí tó bá dára jù yóò lọ síbi àfihàn ní Venice. Ìyá Ottavia sì ti sọ lórí fóònù pé, "Tí wọ́n bá mú tìẹ, a ó ti ṣọ́ọ̀bù, a ó wá wò ó. Mo ṣèlérí."

Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ náà kò ti ronú nǹkan mìíràn mọ́.

Santina yọ fọ́tò kan láti inú báàgì rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo tí Gildo yà láyé, ìyẹn nígbà tó wà ní sójà. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírun púpọ̀ ló wà níbẹ̀, a ò lè mọ̀ ọ́n mọ́ arúgbó apárí tí a mọ̀. Vigilio gbà á láti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé náà, ó sì yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ottavia, o rí apá mi. Ìwọ lo máa ṣe é. Lẹ́tà onígi ni kó o lò fún Gildo Pala. Tó o bá ti tẹ ẹyọ kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó o sọdá títì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì Bortolo. Tó o bá rí i kà láti ibẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá àgbà."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bọ́ọ̀sì gbé bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó wá ku Ottavia nìkan. Ó fa àpótí lẹ́tà onígi jáde, ó wò wọ́n. Wọ́n kúrú, wọ́n ki pọ́pọ́, ihò inú "a" wọn tóbi bí ojú ẹni tí ẹ̀rù bà. Ó tún wo èyí tí òun fúnra rẹ̀ yà. Ibi tó bá sanra níbẹ̀ sanra gan-an, ibi tó bá tín-ín-rín sì dà bí irun orí. Ìrù "P" rẹ̀ lọ́ wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbogbo orúkọ ká. Ihò inú "a" ti há, ó ku bí ẹnu abẹ́rẹ́. Ó rẹwà lóòótọ́, àwa tí a rí i lẹ́yìn náà kò jiyàn ìyẹn.

"Òkú ò ní í bínú," ló sọ fún ara rẹ̀. "Mò ń bu ọlá fún un ni."

Bí ẹ̀tàn ṣe máa ń wọlé nìyẹn, aṣọ ọlá ló máa ń wọ̀ wá. Ó fi lẹ́tà tirẹ̀ tẹ gbogbo ìwé náà jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì àti gọ́ọ̀mù, ó sì jáde sínú yìnyín olómi tó ń bọ́. Nígbà tó lẹ èyí tó kọjú sí ilé ọtí tán, ó sún mọ́ ọn, ó ya fọ́tò rẹ̀: ògiri àtijọ́, omi yìnyín, orúkọ dúdú tó ń dán. Ó fi í ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sọdá títì. Ó ní òtútù mú jù. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ̀rù ohun tí yóò rí láti orí bẹ́ńṣì yẹn ń bà á.

Bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́, dókítà sì ti ní kó má tún fi ẹsẹ̀ tẹ yìnyín títí di ọ̀sẹ̀ méjì.

"Ṣé onígi lo lò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá àgbà."

"Ṣó o sọdá?"

"Mo sọdá."

"Ọmọ dáadáa. Wá gbọ́bẹ̀ kalẹ̀, ebi ń pa mí."

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, kí Ottavia tó wọ kóòtù, olùkọ́ rẹ̀ ti kọ̀wé sí i lórí fóònù: wọ́n ti mú tirẹ̀ fún Venice. Ó pe ìyá rẹ̀. Ìyá pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù débi pé àwọn oníbàárà fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. "A ń bọ̀, ọmọ mi! Èmi àti bàbá rẹ, a ń bọ̀!" Ottavia rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, nítorí bàbá àgbà ní kó lọ dúró fún ilé wọn.

Ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rín náà sì lọ.

Santina nìkan ló wà ní àga iwájú. Àwọn ìyá méjì tí kì í pa ìsìn kankan jẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn. Àwọn ọkùnrin méjì tó gbé òkú wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dúró sí ẹ̀yìn, wọ́n ń wo aago. Bí atẹ́gùn bá ti mi ilẹ̀kùn, Santina á yíjú wẹ̀yìn, á tún yíjú padà. Fádà fa ìwàásù gùn, ó rọra ń ka àdúrà, bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò wá.

Ní ìlú wa, aládùúgbò ló ń gbé pósí láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ibojì. Ẹni tí a sanwó fún kì í gbé e nìkan, ìtìjú ńlá ni. Nígbà tí àkókò tó, fádà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ottavia," ló wí jẹ́jẹ́, "wá di ibí yìí mú."

Ó wá. Fádà fúnra rẹ̀ dì í mú. Santina náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di irin ẹ̀gbẹ́ pósí mú. Bí wọ́n ṣe gbé Gildo Pala gba inú yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò gbá nìyẹn, tí wọ́n ń sinmi lọ́nà, tí Santina ń mí gúlegúle. Irin náà tutù débi pé ó ń ta Ottavia lọ́wọ́. Kò lè gbé ojú sókè wo obìnrin náà.

Nígbà tó ń padà bọ̀, Bortolo onílé ọtí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ife kọfí, àwọn bàbá mélòó kan sì wà lórí bẹ́ńṣì abẹ́ òrùlé.

"Ọmọ Vigilio, a gbọ́ agogo. Ta ni wọ́n sin?"

"Gildo."

"Gildo wo? Gildo pọ̀."

"Gildo Pala."

Ife kọfí dúró lágbedeméjì. "Má fi ìyẹn ṣeré o. Gildo Pala tiwa? Nígbà wo ló kú? Ta ló kéde ẹ̀?"

Ottavia na ọwọ́ sí ògiri tó wà níkọjá títì. Bortolo fún ojú pọ̀, ó wò ó pẹ́.

"Èyíinì?" ló wí. "Pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin onírun púpọ̀ yẹn, àwa rò pé ìpolówó lọ́fínńdà ni!"

"Èmi ní ti ìgbéyàwó ni," ni bàbá kan wí lórí bẹ́ńṣì. "Mo tiẹ̀ ń sọ pé ta ló ń gbéyàwó nínú òtútù yìí."

Ìgbà náà ni Ottavia tó wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ láti ibi tó yẹ kó ti wò ó. Omi yìnyín ti jẹ gbogbo ibi tó tín-ín-rín. Ibi tó sanra nìkan ló kù, igi dúdú dúdú tó fara tira, tí kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ìjọba tó wà lókè kéré ju ohun tí ojú arúgbó lè rí, ẹni tó bá sì tiẹ̀ sún mọ́ ọn á rò pé De Pellegrin ti abúlé mìíràn ni.

Bortolo ti bọ́ ẹ́púrọ̀ọ̀nù. "Ìyá mi wà láìlè rìn títí tó fi kú, ọkùnrin yẹn ló ń gbá ẹnu ọ̀nà ẹ̀. Ẹ dìde! Ẹ dìde jàre!" Gbogbo wọn tẹ̀ lé e lọ sí itẹ́ òkú láìdé fìlà, àwọn mìíràn láìwọ kóòtù. Wọ́n bá ilẹ̀ tí wọ́n ti dí.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n yà sí ilé ìtẹ̀wé, ariwo wọn ló kọ́kọ́ wọlé.

"Vigilio! Ṣé ojú ẹ ló fọ́ ni, àbí ọwọ́ ẹ ló rọ? Kí lo lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn?"

Bàbá arúgbó dìde, kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ń wo ẹnu wọn kiri. Ottavia lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ ju òun lọ, ìlú ì bá sì ti sọ pé arúgbó ni, apá rẹ̀ ló ń dùn ún. Ó rí bí bàbá ìyá rẹ̀ ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi bẹ̀ wọ́n, kò sì lè gbà á mọ́ra.

"Kì í ṣe Bàbá àgbà. Èmi ni. Mi ò lo lẹ́tà onígi. Tèmi ni mo lò, mi ò sì sọdá. Mo parọ́ fún wọn."

Àwọn ọkùnrin náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń bá ọmọdé jà lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Vigilio jókòó.

"Irọ́ tó o pa fún mi, ó dùn mí," ló wí níkẹyìn, "ṣùgbọ́n èmi bàbá ẹ ni, á kúrò nínú mi. Ti Santina ńkọ́? Ìyẹn, mi ò lè bá ẹ dé ibẹ̀."

Ọjọ́ kejì, òun nìkan gun òkè Fagarè. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà Santina dé orúnkún. Ṣọ́bìrì Gildo wà níbi tó máa ń gbé e tì. Ottavia gbé e, ó fi kó yìnyín lẹ́ẹ̀kan, fèrèsé sì ṣí.

"Gbé e sílẹ̀," ni Santina wí. "Má fi ìyẹn ra ojú rere mi. Kí lo wá ṣe?"

Inú yìnyín níbẹ̀ ló dúró sí tó ti jẹ́wọ́. Kò fi nǹkan kan pamọ́, títí kan Venice, títí kan ìyá rẹ̀ tó fẹ́ kó wá. Santina gbọ́ ọ tán.

"O rí i, láti àná ni mo ti ń bínú sí gbogbo ìlú. Mo ní Gildo fi ayé ẹ̀ sin àwọn aláìmoore. Mi ò sùn. Mo ní wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá ni, òun ló ń tan ara ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ṣé wọn ò mọ̀ ni?"

"Wọn ò mọ̀, Màmá. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n sáré lọ síbi ibojì láìdé fìlà."

Santina sunkún nígbà náà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ìsìn ọgbọ̀n ọjọ́ ń bọ̀. Wọ́n á tún lẹ ìwé. Kọ ọ́ kí wọ́n lè kà á. Máa lọ."

Ottavia pe olùkọ́ rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yọ tèmi kúrò nínú ti Venice."

"Kí ló dé? Òun ló rẹwà jù nínú gbogbo wọn."

"Wọn ò rí i kà, mà."

"Nínú fọ́tò, mo rí i kà dáadáa."

"Ara ògiri ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́, mà. Èèyàn ló kú."

Ìyáàfin Sartena ní òun gbọ́, òun yóò sì fún un ní àyè láti tún un yà fún ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló le jù. "Bí kò bá sí àfihàn," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, "a ò rí àwáwí tí a ó fi ti ṣọ́ọ̀bù nísinsìnyí. Ó di oṣù kẹwàá nìyẹn, ọmọ mi. Ṣé wàá lè fara dà á?" Ottavia ní òun á fara dà á. Ó pa fóònù, ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì sunkún tó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún lẹ́tà rẹ̀ yà. Ó fún àwọn ibi tín-ín-rín ní ẹran. Ó la inú "a" sílẹ̀. Ó gé ìrù "P," ó dín bí gbogbo wọn ṣe tẹ̀ kù, ó fún wọn ní ẹsẹ̀ tó lè dúró lé. Bó bá ti tẹ ẹyọ kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, á sọdá, á jókòó láàárín àwọn bàbá orí bẹ́ńṣì.

"P yẹn ṣì ń jó," ni Bortolo á wí. "Sọ fún un kó jókòó."

"Èmi ò rí 'a' o."

"Ìwọ kò rí ìyàwó ẹ náà lánàá, o kọjá lára ẹ̀ ni."

Wọ́n ti dárí jì í nígbà yẹn, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń dárí jini, nípa yíyọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn jù nínú wọn jókòó, tó ní, "Gildo Pala. Ọlọ́run ṣàánú fún un," láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, ni Ottavia mọ̀ pé ó ti tó.

Lọ́jọ́ ìsìn ọgbọ̀n ọjọ́, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ilẹ̀kùn. Àwọn opó wá pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n wá láti àwọn abúlé tó wà níkọjá odò. Àwọn tó wà ní Jámánì fi owó òdòdó ránṣẹ́. Bí ìsìn ti parí, gbogbo wọn tò lọ sí itẹ́ òkú, wọ́n sì yí ibojì ká. Bortolo àti àwọn ọkùnrin yòókù dúró síbẹ̀, ọwọ́ ńláńlá wọn rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò sí nǹkan kan tí wọ́n lè gbé.

Santina di apá Ottavia mú, ó ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn náà.

"Wọ́n mà wá," ló wí. "Gbogbo wọn ló wá. Ẹni tí wọ́n ì bá gbé ni kò sí ńlẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ òun rẹwà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé orúkọ ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe sọ ọ́ di dígí tí ẹ ó fi máa wo ara yín. Ẹ kọ́kọ́ sọdá títì. Lẹ́tà tí Ottavia tún yà dára, òun la ń lò fún ìwé ìkéde òkú wa títí di òní. Lẹ́tà ṣe é tún yà, ṣùgbọ́n òkú kò ṣe é tún sin.